Tọkọtaya ẹṣin òkun mi ń jó, ṣùgbọ́n wọn kò bímọ

Adágún Ìjàpọ̀ (Àkúrẹ́)

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja nínú ilé. Ọ̀rọ̀ ẹṣin òkun ni mo gbé wá síwájú yín, ìyẹn ẹja kékeré inú òkun tí orí rẹ̀ dà bí orí ẹṣin, tí ìrù rẹ̀ sì ń ká bíi ti ọ̀gà. Ó ti pé oṣù méje báyìí tí mo ra akọ kan àti abo kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó ẹja òkun wọ Èkó láti òkè òkun. Hippocampus erectus ni irú wọn, inú táǹkì ni wọ́n sì ti bí wọn, kì í ṣe pé wọ́n fi àwọ̀n kó wọn nínú òkun.

Táǹkì gíláàsì tí mo kó wọn sí gba nǹkan bí 120 lítà. Ó gùn, ṣùgbọ́n kò ga. Tí mo bá bu omi kún un, omi náà kò ju sẹ̀ǹtímítà 34 lọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìwọ̀n iyọ̀ omi náà wà ní 1.024, n kò sì rí amóníà kankan nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ooru ló ń dà mí láàmú. Nínú yàrá tí wọ́n wà, omi máa ń gbóná tó 29 dígírì lọ́sàn-án, bí iná bá sì lọ tí fáànù dúró, ó ń kọjá bẹ́ẹ̀. Edé dídì ni mo ń fún wọn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́ àti nírọ̀lẹ́ tí mo bá dé. Ẹja aláwọ̀ ọsàn méjì kan wà pẹ̀lú wọn, àwọn yẹn sì yára sí oúnjẹ jù wọ́n lọ.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, tí omi tutù dé 24 láìjẹ́ pé mo ṣe ohunkóhun, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan mo sì bá àwọn méjèèjì tí wọ́n ti yí àwọ̀ padà, tí ara wọn funfun ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tí wọ́n fi ìrù kọ́ ara wọn, tí wọ́n ń rìn káàkiri bí ìyàwó àti ọkọ tó ń ti ìsìn bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n gbéra láti ìsàlẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn, ṣùgbọ́n kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, orí wọn ti kan ojú omi, wọ́n ya ara wọn, ẹyin aláwọ̀ ọsàn bíi mélòó kan sì já bọ́ sílẹ̀ lórí iyanrìn. Láti ìgbà tí ooru ti padà, wọn kò tún wo ojú ara wọn mọ́.

Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni, àbí oògùn kan wà tí ènìyàn lè lò?

Ọmọ Èkìmògún (Oǹdó)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí àìmọ̀ mi. Ṣé òótọ́ ni pé akọ ló ń lóyún nínú ẹja yìí? Mo ka ọ̀rọ̀ yín sókè fún ìyàwó mi, ó ní kí n bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ta irú ọkọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Odò (Alágbàká, Àkúrẹ́)

Ọmọ Èkìmògún, ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Òótọ́ ni. Abo ló ni ẹyin, ṣùgbọ́n inú àpò tó wà níwájú ikùn akọ ló ń yé e sí. Ibẹ̀ ni àtọ̀ akọ ti ń bá ẹyin pàdé, tí ẹnu àpò yóò sì pa dé. Láti ọjọ́ náà lọ, akọ ló ń fún àwọn ọlẹ̀ ní afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí, òun náà ló sì ń tún omi inú àpò ṣe díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dà bí omi òkun tí wọ́n fẹ́ jáde sínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni oyún irú tí Adágún ní sábà máa ń gbà, bí omi ṣe gbóná tàbí tutù sí ló sì ń pinnu rẹ̀.

Adágún, ìwọ gan-an ti dáhùn ìbéèrè rẹ láìmọ̀. Ẹja tó jó fún ọjọ́ mẹ́ta tí ó sì gbéra lọ́jọ́ kẹrin kò ní àìsàn kankan, kò sì nílò oògùn. Àyè ni kò gbà wọ́n. Nígbà tí abo bá fẹ́ kó ẹyin fún akọ, àwọn méjèèjì ní láti gòkè pọ̀ nínú omi, ikùn sí ikùn, kí abo tó rí ọ̀nà fi ẹnu ìyẹ́yin rẹ̀ bọ inú àpò. Ìgòkè yẹn gan-an ni wọ́n ń lò láti ṣètò ara wọn, bí òkè omi bá sì dé kí wọ́n tó ṣètò tán, ẹyin á dà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí o ṣe rí i. Òfin tí àwọn tó ń sin wọ́n ń tẹ̀lé ni pé kí omi ga tó ìlọ́po mẹ́ta gígùn ẹṣin òkun tó ti dàgbà, nígbà tí ìrù rẹ̀ bá nà. Irú tìrẹ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sẹ̀ǹtímítà 34 kò tó rárá. Wá táǹkì tí omi rẹ̀ yóò ga tó 50 ó kéré tán, bí ó bá sì dé 60, ó dára jù.

Èkejì ni ooru. Ìwọ rò pé ọyẹ́ ló mú wọn jó, n kò sì lè sọ pé o parọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nìkan ni ooru ń bàjẹ́. Bakitéríà kan wà tí wọ́n ń pè ní Vibrio, inú omi gbígbóná ló ti ń gbilẹ̀, ẹṣin òkun kò sì ní agbára púpọ̀ láti bá a jà. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí fi ń pa omi wọn mọ́ láàrin 22 sí 24. Ní Àkúrẹ́ tiwa, bí o bá lè mú un dé 25 tí kò sì yí padà lọ́sàn-án àti lóru, mo gbà fún ọ. 29 kò ṣeé gbé.

Ẹ̀kẹta, ẹja yìí kò ní ikùn tí oúnjẹ ń dúró sí. Ohun tó bá gbé mì ń gba inú rẹ̀ kọjá kíákíá, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ kò lè jẹ́ kí abo sanra débi tí yóò fi ní ẹyin tó pọ̀. Fún wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán. Irú edé tí wọ́n ń pè ní mysis ni kí o máa rà, kì í ṣe Artemia dídì, ìyẹn irú edé kéékèèké kan inú omi oníyọ̀, nítorí pé ọ̀rá inú mysis ju tirẹ̀ lọ dáadáa. Kí o sì kó ẹja aláwọ̀ ọsàn yẹn kúrò. Ẹṣin òkun a máa wo oúnjẹ fínnífínní kí ó tó fà á sẹ́nu, bí ó bá sì ti ń wò ó, ẹlòmíràn á ti gbé e lọ.

Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? O kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Adágún Ìjàpọ̀

Ẹ ṣeun, bàbá. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ni, pẹ̀lú gílóòbù yàrá ní alẹ́. Ìgbà tí a bá sùn ni a ń pa á.

Bàbá Odò

Ìyẹn náà wà lára rẹ̀. Ra iná kékeré tó ní aago, kí ó máa tàn fún wákàtí 12 lójúmọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí o sún un sí 14. Lójú ẹja, ọjọ́ tó ń gùn sí i jẹ́ àmì pé àsìkò oúnjẹ ń bọ̀. Ohun mìíràn tún ni pé àárọ̀ kùtùkùtù ni tọkọtaya ẹṣin òkun máa ń kí ara wọn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é, kódà nígbà tí akọ bá lóyún, abo yóò wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọn yóò yí àwọ̀ padà, wọn yóò rìn díẹ̀ pọ̀, kálukú yóò sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Amanda Vincent, onímọ̀ ará Kánádà tó wà lára àwọn méjì tó dá Project Seahorse, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹṣin òkun, sílẹ̀ ní 1996, ti kọ púpọ̀ nípa ìkíni yìí. Bí iná yàrá rẹ bá ń tàn lóru, tó tún kú lójijì, wọn kò ní mọ ìgbà tí ilẹ̀ mọ́.

Má yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìkíni yẹn ló ń mú kí ẹyin abo gbó ní àsìkò kan náà tí àpò akọ ṣófo.

Ẹlẹ́ja Àrọ̀ (ojú ọ̀nà Ọ̀dà, Àkúrẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Èmi ń bí ẹja àrọ̀ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, mo sì fẹ́ béèrè ohun kan pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nínú iṣẹ́ tiwa, a kì í dúró de ìfẹ́. A ń gún abo ní abẹ́rẹ́ lálẹ́, bí ilẹ̀ bá mọ́ a ó fún ẹyin rẹ̀ jáde sínú abọ́, a ó pa akọ láti yọ àtọ̀ rẹ̀, a ó pò wọ́n pọ̀, lọ́jọ́ kejì ọmọ ti ń yọ. Kí ló dé tí a kò lè ṣe irú rẹ̀ fún ẹṣin òkun?

Bàbá Odò

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ẹyin àrọ̀ kò bèèrè ju omi mímọ́ àti afẹ́fẹ́ lọ. Orí kàkàbàn, ohun tí ẹyin ń lẹ̀ mọ́, tàbí àwọ̀n ni o ń tẹ́ ẹ sí, á sì pa. Ẹyin ẹṣin òkun bèèrè àpò. Bí o bá fún ẹyin jáde lára abo, ta ni yóò lóyún rẹ̀? Bí o bá sì pa akọ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, ilé ọmọ lo wó yẹn. Àwọn ilé ìwádìí lè ní ọ̀nà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ní tọkọtaya kan ṣoṣo nínú pálọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ abẹ́rẹ́. Ohun tí a lè ṣe kò ju kí a pèsè àyè lọ.

Ṣùgbọ́n má lọ o. Bí ọmọ bá dé, ìwọ ni a máa wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí pé oúnjẹ tí o ń fún ọmọ àrọ̀ ní ọjọ́ kẹta náà ni oúnjẹ ọmọ ẹṣin òkun.

Ọmọ Ìlàjẹ (Igbókòdá)

Ẹ jẹ́ kí n yọjú díẹ̀, nítorí pé ẹnì kan kọ ìwé sí mi níkọ̀kọ̀ pé òun fẹ́ wá pọn omi òkun ní Ayétòrò, kí òun sì bá àwọn apẹja wa sọ̀rọ̀ bóyá wọ́n lè bá òun mú ẹṣin òkun.

Nípa omi: etíkun tiwa kì í ṣe etíkun oníyanrìn tí ẹ ń rí nínú fọ́tò. Ẹrẹ̀ ni. Omi náà dúdú, ó kún fún ẹrẹ̀ tó ń fò, nígbà òjò sì ni omi odò máa ń rọ́ wọ inú rẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ á dín kù. Ti Igbókòdá kò tilẹ̀ ṣeé sọ, omi ọ̀sà lásán ni. Ẹni tó bá ń sin ẹja ẹlẹgẹ́ báyìí, kí ó ra iyọ̀ òkun tí wọ́n ṣe fún táǹkì, kí ó pò ó mọ́ omi tí kò ní kílórínì, kí ó sì jẹ́ kí ó yí po fún odindi ọjọ́ kan kí ó tó lò ó.

Nípa mímú wọn: ẹṣin òkun wà ní òkun wa lóòótọ́. Hippocampus algiricus ni orúkọ rẹ̀, láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Àǹgólà ni ó sì ń gbé. Nígbà mìíràn ó máa ń bá àwọn ẹja mìíràn wọ inú àwọ̀n. Ṣùgbọ́n kí àwọ̀n tó dé òkè, ó ti fara pa, èyí tó bá wà láàyè kò sì mọ oúnjẹ òkú jẹ. Ohun tó bá ń ta pútúpútú nìkan ló mọ̀. Iye wọn ń dín kù pẹ̀lú, nítorí pé wọ́n ń kó gbígbẹ wọn láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Ṣáínà fún oògùn. Láti ọdún 2004 ni gbogbo irú ẹṣin òkun pátá ti wà lábẹ́ òfin CITES, àdéhùn àgbáyé, lórí títà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ẹ ra èyí tí wọ́n bí nínú táǹkì bí Adágún ti ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí tiwa wà níbi tó wà.

Adágún Ìjàpọ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Oníṣẹ́ gíláàsì kan ní Arákàlé bá mi kan táǹkì tuntun tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 60. Omi inú rẹ̀ ga ní 55. Mo kó àwọn òkúta àti kànìnkànìn inú fíltà àtijọ́ wọ inú rẹ̀ kí àwọn bakitéríà tó ń jẹ amóníà má bàa ṣòfò, mo sì dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá kí n tó kó ẹja sí i. Mo so okùn ọ̀rá aláwọ̀ ewé mẹ́rin láti ìsàlẹ̀ dé òkè kí wọ́n lè rí ohun fi ìrù dì mú. Mo gbé táǹkì náà kúrò nídìí fèrèsé ìwọ̀-oòrùn, mo gbé e lọ sí ọ̀nà àbáwọlé tí oòrùn kì í dé. Fáànù kékeré méjì, irú èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ń fẹ́ ojú omi tọ̀sán-tòru; bátìrì tí sólà ń gbà sínú ni wọ́n ń lò, kò sí ohun tó kàn wọ́n kan iná ọba. Omi náà ti wà ní 25 láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fáànù ń gbé omi lọ púpọ̀ o! Ó tó lítà méjì lójúmọ́. Mo kọ́kọ́ ń fi omi oníyọ̀ dí i, títí ìwọ̀n iyọ̀ fi dé 1.028, kí n tó rántí pé omi nìkan ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Omi inú ọ̀rá ni mo ń fi kún un báyìí.

Ẹja aláwọ̀ ọsàn ti wà ní ilé ọ̀rẹ́ mi kan ní Òkè-Àró. Ọmọ àbúrò mi tó ń gbé pẹ̀lú wa ló ń fún wọn ní mysis lọ́sàn-án.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, wọ́n gòkè. Akọ ti ń fi omi fọ àpò rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, tí ó ń ká ara bí ẹni tí inú ń run, tí ó sì ń ṣí àpò náà sílẹ̀ bí bàlúùnù. Abo ń gbé imú rẹ̀ sókè, ó ń tọ́ka sí ojú omi. Wọ́n gbéra ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ní ẹ̀karùn-ún, wọ́n dúró láàrin omi fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹyin sì wọlé. Mo ka ẹyọ méje péré tó já bọ́. Ikùn abo ti pẹlẹbẹ, àpò akọ sì ti yọ síta.

Kí ni mo ń ṣe báyìí?

Ìyá Ẹlẹ́ṣin (Ìbàdàn)

Adágún, mo kí yín kú oríire, ṣùgbọ́n ẹ má tíì jó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti tọ́ ọmọ ẹṣin òkun, nínú ẹ̀ẹ̀kan ni mo kò rí ẹyọ kan mú dé oṣù kejì, nítorí pé ìgbà tí ọmọ dé ni mo tó ń wá oúnjẹ kiri. Ọ̀sẹ̀ méjì tó wà níwájú yín yìí, ètò oúnjẹ ni kí ẹ fi ṣe.

Ẹ fi akọ sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹ má gbé e lọ sí táǹkì ìbímọ, nítorí pé ìdààmú lè mú kí ó ju ọmọ tí kò tíì pé sílẹ̀, bí ẹ bá sì yà á kúrò lọ́dọ̀ abo, ìkíni tí Bàbá Odò sọ yẹn á já. Òru tàbí ìdájí ló máa bí. Ẹ fi àwọ̀n tín-ín-rín bo ẹnu fíltà kí ó má bàa fa ọmọ wọlé, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ẹ fi ife bù wọ́n pẹ̀lú omi. Ẹ má fi àwọ̀n gbé wọn jáde sínú afẹ́fẹ́ láé. Àwọn òbí kò mọ̀ wọ́n, wọn kò sì ní tọ́jú wọn.

Táǹkì ọmọ ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Lítà 30 tó. Ẹ fi bébà dúdú bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ìmọ́lẹ̀ máa wá láti òkè nìkan ṣùgbọ́n kí ó má pọ̀, nítorí pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà ni Artemia ń ṣùrù sí, ibẹ̀ náà sì ni ọmọ ń lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù ní òkè, ọmọ á máa lé oúnjẹ lọ sí ojú omi, á sì gbé afẹ́fẹ́ mì. Èyí tó bá ti gbé afẹ́fẹ́ mì á léfòó, kò ní lè sọ̀kalẹ̀ mọ́, ebi ni yóò pa á. Ẹ jẹ́ kí omi náà máa yí roboto, nípa gbígba afẹ́fẹ́ díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó máa gbé wọn kúrò ní ojú omi ṣùgbọ́n kí ó má lágbára débi tí wọn kò fi ní lè fi ojú sun oúnjẹ.

Ẹ ní oríire kan: ọmọ erectus tóbi, ó ń tó sẹ̀ǹtímítà kan nígbà tí wọ́n bá bí i, ó sì lè jẹ Artemia láti ọjọ́ kìíní. Ọmọ Hippocampus reidi kéré jù ú lọ, ó sì pọ̀ jù ú lọ. Ká ní òun ni ẹ ní ni, copepod tàbí rotifer, àwọn ẹ̀dá inú omi tó kéré ju Artemia lọ, ni ẹ ì bá máa wá báyìí.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin sí mẹ́fà ni wọ́n ń jẹun lójúmọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ jáde. Bí ẹ bá ní iṣẹ́ ọ́fíìsì tí kò fi yín sílẹ̀, ẹ sọ fún ọmọ àbúrò yín kí ó má rin ìrìn àjò.

Ẹlẹ́ja Àrọ̀

Níbi Artemia, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, iṣẹ́ òòjọ́ mi ni.

Ẹ gé ìsàlẹ̀ ike omi onílítà méjì, ẹ dojú rẹ̀ dé. Ẹ bu lítà kan omi sí i, ẹ fi iyọ̀ òkun gíráàmù 30 sí i, ẹ fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá kí ó máa hó kíkankíkan, ẹ tan gílóòbù sí i. Ní 28 dígírì, láàrin wákàtí 24, yóò ti pa. Ooru tí ẹ ń lé kúrò lára ẹṣin òkun, Artemia ń fẹ́ ẹ. Bí ó bá ti pa, ẹ pa afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìpẹ̀pẹ́ á léfòó, ọmọ á wà nísàlẹ̀, ẹ tú u jáde.

Ohun tí àwa ọlọ́mọ àrọ̀ kì í fi ara balẹ̀ ṣe, tí ẹ̀yin gbọ́dọ̀ ṣe, ni pé kí ẹ fi omi bílíìṣì bó ìpẹ̀pẹ́ ẹyin náà kí ẹ tó pa á, kí ẹ sì ṣàn án títí òórùn á fi tán. Ìpẹ̀pẹ́ ń dí ìfun ọmọ ẹja kékeré, àwọn ẹranko kéékèèké tó ń ta ọmọ ẹja, tí wọ́n ń pè ní hydroid, sì máa ń bá a wọlé.

Artemia tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ní ọ̀rá tirẹ̀ lára, ṣùgbọ́n ọ̀rá náà ń lọ ní wákàtí-wákàtí. Kò sì ní ẹnu tí yóò fi jẹun títí di ìgbà tó bá bọ́ awọ àkọ́kọ́. Nítorí náà, ẹ fún ọmọ yín ní èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa pátápátá, tàbí kí ẹ dúró kí ó bọ́ awọ, kí ẹ fi oúnjẹ tó ní DHA, irú ọ̀rá kan tí ọmọ ẹja nílò, bọ́ ọ fún bíi wákàtí 12 kí ẹ tó lò ó. Èyí tó wà láàrin méjì yẹn kò ní nǹkan nínú.

Adágún Ìjàpọ̀

Ọjọ́ kejìdínlógún ni akọ bí. Mo jí ní aago márùn-ún, mo bá a tí ó ń tẹ̀ síwájú sẹ́yìn bí ẹni tó ń kúnlẹ̀, tí ọmọ sì ń tú jáde ní mẹ́wàá, ní ogún. Mo ka 212, kí n tó jáwọ́ nínú kíkà.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ dára. Lóru ọjọ́ karùn-ún, iná lọ, ìwọ̀nba iná tó wà nínú ínfátà wa sì tán ní aago mẹ́ta. Fáànù táǹkì òbí ń ṣiṣẹ́, nítorí pé sólà ló ń gbé e, ṣùgbọ́n orí ínfátà ni mo so afẹ́fẹ́ ike Artemia mọ́, èmi ni mo so ó síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, Artemia ti kú, omi rẹ̀ ń rùn. Ike kan ṣoṣo ni mo ní. Ó gba wákàtí 24 kí n tó rí òmíràn, ọmọ tí kò ní ikùn tí oúnjẹ ń dúró sí kò sì lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Ọgọ́ta àti mẹ́jọ ni mo kó jáde láàrin ọjọ́ méjì. Àwọn mìíràn léfòó gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ẹlẹ́ṣin ti wí, nítorí pé mo ti gbé ìmọ́lẹ̀ sún mọ́ ojú omi jù. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kù.

Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí akọ bímọ ni ó ti lóyún padà.

Ìyá Ẹlẹ́ṣin

Ẹ pẹ̀lẹ́. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ìgbà àkọ́kọ́ ju tèmi lọ fíìfíì. Ike mẹ́ta ni kí ẹ máa lò, kí ẹ da ẹyin sí ìkọ̀ọ̀kan ní wákàtí mẹ́jọ síra wọn, kí ọ̀kan máa pa bí òmíràn bá ń tán. Ẹ ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ alábátìrì tí àwọn apẹja fi ń gbé ìjẹ alààyè kiri. Iye rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ọmọ Èkìmògún

Ọjọ́ mẹ́ta? Ìyàwó mi ti ní kí n má bèèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á mọ́, ó ní àánú akọ náà ń ṣe òun.

Bàbá Odò

Kí ó máa ṣàánú rẹ̀, nítorí pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Akọ tó ń lóyún léraléra a máa rù. Adágún, bí ọmọ kejì yìí bá dé, yí iná padà sí wákàtí mẹ́wàá, kí o sì mú omi tutù sí i bí o bá lè ṣe é. Wọn yóò sinmi fúnra wọn. Kí o sì máa wo àpò rẹ̀: bí ó bá wú tí kò sì sí oyún nínú rẹ̀, tí ó sì ń léfòó, afẹ́fẹ́ ló kó sí i, yára wá síbí.

Adágún Ìjàpọ̀

Ìròyìn tí mo ṣèlérí nìyí. Ìgbà kejì, nǹkan bí 300 ni akọ bí. Mo lo ike mẹ́ta, alábátìrì méjì, bébà dúdú, ìmọ́lẹ̀ tí kò ju ti fìtílà lọ. Ẹlẹ́ja Àrọ̀ fúnra rẹ̀ wá láti ojú ọ̀nà Ọ̀dà wá wo bí mo ṣe ń bó ẹyin, ó sì rẹ́rìn-ín sí bí mo ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́.

Wọ́n pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lánàá. Àádóje ó lé mẹ́rin wà láàyè, gbogbo wọn ló sì ti ń fi ìrù di okùn mú. Láti ọ̀sẹ̀ kẹfà ni mo ti ń gé mysis wẹ́wẹ́ mọ́ Artemia fún wọn. Ní báyìí, bí ìdajì wọn ti ń mú mysis náà láì jẹ́ pé ó ń mira. Àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti àkọ́kọ́ ti dàgbà débi tí mo fi ń rí àmì àpò lára àwọn akọ kan, lábẹ́ ikùn, bí ìlà tó dúdú díẹ̀.

Mo ti dín iná kù sí wákàtí mẹ́wàá. Akọ àti abo ṣì ń kí ara wọn láàárọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì gòkè. Ẹni tó bá ní táǹkì tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 50, tí omi rẹ̀ kò ju 25 dígírì lọ, kí ó kọ̀wé sí mi nígbà tí wọ́n bá pé oṣù mẹ́rin. N kò ní fún ẹnikẹ́ni ní ẹyọ kan ṣoṣo, méjì-méjì ni. Ẹ jẹ́ kí n lọ, ike kejì ti tó tú.